Igbe Tó Bi Ẹkùn Ṣubú

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Delfina máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Bó bá ń lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo tí wọ́n sá sí oòrùn, ọwọ́ ló fi ń lé e, ẹnu rẹ̀ kì í yà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Àwọn ará Santa Rita Ocotal, abúlé tó rọ̀ mọ́ èjìká òkè bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kì í bi í léèrè ohun tó mú un lóhùn. Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ohùn náà kù sí.

Inú àká ló kù sí. Àká alámọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń mọ bí ìkòkò ràgàjì, tí wọ́n ń fi koríko bò lórí, tí àgbàdo ọdún kan gbáko ń sùn nínú rẹ̀. Ní ọdún méjì ṣáájú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá tó bí Delfina àti àbúrò rẹ̀ Tobías ń yan tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, lórí iná, àwọn ọkùnrin oníbọn gun òkè wá. Nicanor, bàbá wọn, gbé àwọn ọmọ méjèèjì jù sínú àká, ó ní, "Delfina, fọwọ́ bo àbúrò rẹ lẹ́nu." Ó bò ó. Ó bò ó títí ìbọn fi dákẹ́, títí èéfín ilé fi rọlẹ̀, títí Don Crescencio, bàbá ìyá wọn, fi wá ṣí ìdérí àká ní ọjọ́ kejì. Nínú òkùnkùn yẹn ló ti ń sọ sí Tobías létí pé, "Ẹnikẹ́ni ò ní mú ọ. Mo ṣèlérí fún ọ. Ẹnikẹ́ni ò ní mú ọ." Ohùn tó fi sọ ọ́ náà ló bá a jáde. Ìyá àti bàbá ò sí níta mọ́ láti gba òmíràn fún un.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn onífíìmù dé, wọ́n fi ìbaaka mẹ́fà ru ẹrù wọn gun òkè. Ọ̀gá wọn ni Rodolfo Ibarrola, ọkùnrin ìlú ńlá tó gbẹ bí igi ìdáná, tí kì í yọ fìlà kúrò lórí àfi bó bá fẹ́ fi na nǹkan. Fíìmù adẹ́rùbani ló fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n bí àlọ́ ló rí: ẹkùn kan wà tó ní ọwọ́ ènìyàn, ilé tí òbí ò bá sí ló máa ń wọ̀, inú àpò ló sì máa ń kó àwọn ọmọ sí. Nígbà tí Ibarrola rí ojú ẹkùn, ìbòjú ijó tó so kọ́ ògiri ilé Don Crescencio, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kò jẹ̀bi. Ojú ẹkùn yẹn kì í ṣe ohun tí à ń wò lórí ìdúró. Igi ni wọ́n gbẹ́, ẹnu rẹ̀ pupa bí ata gbígbẹ, irun imú ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni irùngbọ̀n rẹ̀, dígí méjì sì ni ẹyinjú rẹ̀. Bó bá kọjú sí ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa rí nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń jó ijó ẹkùn nígbà ọdún Santa Rita, ẹni mímọ́ tí abúlé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn ọdẹ á lé e yí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì ká, ọkùnrin kan á sì ké igbe tó ń bì í ṣubú. Nicanor ló máa ń ké e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á, ẹnikẹ́ni ò ké e mọ́, wọn ò sì jó ijó náà mọ́.

Don Crescencio yá wọn ní ojú ẹkùn. Níwájú ère Santa Rita ló ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun á yọ̀ǹda ojú náà, òun á yọ̀ǹda Fidencio tó máa ń wọ̀ ọ́, òun á sì yọ̀ǹda àwọn ọmọ ọmọ òun títí iṣẹ́ á fi parí. Ó rò pé eré lásán ni, pé bóyá ó lè mú àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

"Ohùn yìí!" ni Ibarrola wí nígbà tí Delfina kí i. "Ohùn yìí gan-an ni mo ti ń wá kiri!"

"Ohùn tó sọnù lò ń pè ní ohùn," ni Doña Eufrosina, ìyá àgbà, kùn lẹ́bàá ààrò, ṣùgbọ́n Ibarrola ò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni Don Crescencio máa ń so ojú ẹkùn mọ́ Fidencio lórí. Àgbẹ̀ ni Fidencio, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, àwàdà ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí okùn bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, bàbá àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè ní èdè òkè, èdè tí àwọn ará ìlú ńlá ò gbọ́.

"Ta ló ni ojú yìí?"

"Santa Rita ló ni ín."

"Bí wọ́n bá ké sí ọ ńkọ́?"

"Mo ṣubú."

"Bó bá jẹ́ gómìnà ló ké ńkọ́?"

"Mo ṣubú."

"Bó bá jẹ́ ẹni tí kò ga tó orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Mo ṣubú, bàbá. Ẹ tètè so ó, imú ń yún mi."

Ibarrola á máa wo oòrùn. "Bàbá, àdúrà yín ti pọ̀ jù. Ẹ ṣe kíá, ìmọ́lẹ̀ ń sá lọ." Kò bi ẹnì kan léèrè rí pé kí ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò bàjẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tó ku ibi tí ẹkùn á ti gbé Tobías lọ, tí Delfina á sì máa wò ó láti inú àká. Don Lauro, arúgbó tó ń yí kámẹ́rà, ló ṣe àṣìṣe, ire ló sì ní lọ́kàn. Tobías, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń fọwọ́ pa àpótí dúdú kámẹ́rà náà lára, Don Lauro sì ní, "Ọmọ dáadáa, ṣé o rí ohun tó bá wọ inú èyí? Kì í jáde mọ́, kì í sì í kú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, wọn á ṣì máa rí ọ bí o ṣe rí lónìí."

Ọjọ́ yẹn ni Tobías ò jẹun mọ́. Doña Eufrosina gbé tàmálì síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ewé àgbàdo wé, tí ẹran àti ata wà nínú rẹ̀. Kò tú u.

"Kí ló dé?" ni Delfina bi í.

"Ṣé lóòótọ́ ni ẹkùn máa mú mi lọ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn?"

"Fidencio ni. Ṣé o ò mọ ikùn Fidencio ni?"

"Don Lauro ní ohun tó bá wọ inú àpótí yẹn kì í jáde mọ́." Ọmọ náà ti tàmálì náà kúrò níwájú. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wò ó, wọn á tún máa mú mi. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, Delfina. Ìwọ á sì wà nínú àká, o ò ní jáde."

Delfina fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ náà. Ó ti ṣèlérí fún ọmọ yìí nínú òkùnkùn. Ìlérí yẹn nìkan ni ohun tí àwọn oníbọn ò rí kó lọ nínú ilé wọn.

Ó tọ Ibarrola lọ níbi tó ti ń mu kọfí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹkùn kú."

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, tí ẹkùn bá kú, àwọn ará ìlú ńlá á pàtẹ́wọ́, wọn á lọ jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá gbé ọmọ lọ, wọn ò ní lè sùn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ lórí òkè yìí."

"Àwa mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Àwa náà ò lè sùn."

Ibarrola yọ fìlà, ó tún dé e padà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ti rí òpin ìtàn rẹ̀ tipẹ́ kó tó rí àwọn tó ni ín ni. "Ọ̀la la máa parí," ló wí. "Fíìmù tó kù ò ju róòlù kan lọ, òjò sì ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa yà á. Má ṣe já mi kulẹ̀."

Delfina lọ bá bàbá àgbà nínú ọgbà, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ irùngbọ̀n ẹkùn tó já. Delfina bá a di ìkòkò gọ́ọ̀mù mú.

"Bàbá àgbà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Tobías lọ lọ́la."

"Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ẹni mímọ́." Ojú arúgbó náà ò kúrò lórí iṣẹ́. "Ká ní mo mọ ibi tí ìtàn ọkùnrin yẹn ń lọ ni, ǹ bá ti gé ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi."

"Ṣé ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹkùn á borí?"

Ọwọ́ Don Crescencio dúró. "Ẹni mímọ́ ò bi mí léèrè ìyẹn."

Delfina ro gọ́ọ̀mù náà. Ó rò ó, ó tún rò ó.

"Ṣé obìnrin lè ké igbe yẹn?"

"Mi ò rí i rí."

"Ṣé òfin ní kó má ké e ni?"

"Òfin ní kí ẹni tó máa ké e jáde síta, kó dúró níbi tí ẹkùn á ti rí i. Ẹni tó bá sá pamọ́ ò lè ké e. Ìyẹn nìkan lòfin." Arúgbó náà wá wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ wàyí, ó sì wò ó pẹ́. "Bàbá rẹ máa ń sọ pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń bọ̀, pé ọ̀fun kàn ń yà fún un ni."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé jáde wá wòran. Wọ́n gbé àga wọn dání, wọ́n jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì sínú ọgbà Don Crescencio, Tobías wà lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Àká wà lọ́wọ́ òsì. Ibarrola ní kí Delfina wọ inú rẹ̀, kó máa yọjú láti ihò tí wọ́n ń gbà kó àgbàdo.

Kò tíì wọ àká láti ọdún méjì. Òórùn àgbàdo gbígbẹ kọlu imú rẹ̀. Ó jókòó lórí ṣírí àgbàdo, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó gbé ojú sí ihò náà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀!" ni Ibarrola wí.

Ẹkùn jáde láti ẹ̀yìn igi. Fidencio mọ eré ṣe, ká má parọ́. Ikùn rẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ó ń rìn bí ẹni tí kò kánjú nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kù nílé. Dígí ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Ó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ ènìyàn tó ní, ó di Tobías lẹ́sẹ̀ mú.

Kò sí igbe nínú ìwé Ibarrola. Ìwé ní kí ọmọ náà lọ ní ìdákẹ́. Ṣùgbọ́n Tobías ké.

"Delfina!"

Nínú àká, Delfina rí i pé òun ti fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ náà dé ibẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti ọdún méjì. Ó wò ó bí ẹni wo ọwọ́ àjèjì. Ó mú un kúrò.

Ó ti orí yọ nínú koríko, ó gun etí àká, ó fò sílẹ̀. Kò sáré. Ó rìn lọ sí àárín ọgbà, níbi tí oòrùn ti mú jù, ó dúró.

"Ẹkùn," ló wí.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Fidencio ò gbọ́, ó ń fa ọmọ náà lọ. Ibarrola na ọwọ́ sókè láti dá iṣẹ́ dúró, Don Lauro sì fi ìgùnpá gbún un, kò gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà.

Delfina tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ náà gbóná. Nǹkan gbéra níbẹ̀, ó gba orúnkún, ó gba ikùn, ó dé ibi tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì láti ọdún méjì, ó sì já a.

"Ẹkùn o! Mo rí ọ! Mo rí ọ o, gbogbo wa la rí ọ!"

Adìyẹ fò. Ìbaaka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà já okùn. Òkè tó wà ní òdìkejì àfonífojì gba igbe náà, ó sì dá a padà: a rí ọ, a rí ọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti di arúgbó báyìí, ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ohùn Nicanor gan-an ni. Àwọn tó mọ̀ jù ní rárá, ó ju ti Nicanor lọ.

Ẹkùn yíjú padà. Delfina rí ara rẹ̀ nínú dígí méjèèjì, ọmọbìnrin méjì tó dúró ṣánṣán lójú ẹkùn, wọn ò sì sá.

Fidencio ṣubú. Kì í ṣe ìṣubú eré. Bí igi ńlá ṣe ń wó ló ṣe wó lu tábìlì, ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọ́n ká.

"Gbogbo wa la rí ọ!" ni àwọn ará abúlé dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn, wọ́n sì dìde kúrò lórí àga. Don Crescencio ti yọ pàṣán kúrò ní ìgbànú, ó fi na ilẹ̀ pàà! Doña Eufrosina gbé ṣíbí ìrokà wọ àárín ọgbà. Àwọn ajá ń gbó. Ó di ijó ẹkùn pátápátá, ijó ọdún méjì tí wọ́n jẹ ara wọn ní gbèsè rẹ̀.

"Ó tó! Ẹ dúró! Ẹ ti bà á jẹ́!" ni Ibarrola ń pariwo.

"Ọ̀gá," ni Don Lauro wí, ó ṣì ń yí kámẹ́rà, "ẹ dákẹ́, ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu pín ẹkùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ijó náà, nítorí pé ẹkùn tí wọn ò bá pín ò tíì kú.

"Awọ rẹ̀ ńkọ́?" ni Don Crescencio bèèrè.

"Fún Doña Eufrosina, kó fi wé orúnkún tó ń ro ó!"

"Orúnkún mi sàn ju ti ìyá rẹ lọ!" ni Doña Eufrosina dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó gbà á.

"Ìrù ńkọ́?"

"Fún ìyàwó Fidencio, kó fi máa lé eṣinṣin lára ọkọ rẹ̀!"

"Ikùn ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀! Ìkòkò tó máa gbà á ò sí lórí òkè yìí!"

"Ẹ rọra," ni òkú ẹkùn wí lábẹ́ igi ojú rẹ̀, "ṣíbí yẹn ń dùn mí."

"Òkú kì í sọ̀rọ̀, Fidencio!"

"Òkú yìí jókòó lé ìṣó tábìlì ni!"

Ẹ̀rín wá bẹ́ sílẹ̀. Àárín ẹ̀rín náà ni Tobías ti jáde, eruku bo irun rẹ̀, ó fò gun àyà ẹkùn. "Eyín! Èmi ni mo ni eyín!" Wọ́n gbà pé òun ló ni ín.

"Ahọ́n ńkọ́?" ni Don Crescencio bèèrè. Kò wo ẹlòmíràn.

"Èmi ni mo ni ín," ni Delfina wí ní ohùn tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó jìnnà jù. "Mo fẹ́ lò ó."

Ó wá ku ọkàn. Ẹni tó bá ké igbe ni wọ́n máa ń fi ọkàn fún. Don Crescencio gbé ọwọ́ lé àyà Fidencio, ó sì bojú wo Delfina bí ẹni ń tọrọ àyè. Ọmọ náà mi orí pé òun gbà.

"Ọkàn di ti Nicanor," ni arúgbó náà wí, "òun àti ìyàwó rẹ̀."

Kámẹ́rà nìkan ló ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, títí róòlù fi tán tí òun náà dákẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ibarrola jókòó lórí àpótí, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ń pa á lórí. Delfina lọ dúró níwájú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà ò ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ.

"Bó ṣe parí nìyẹn, ọ̀gá. Àwa méjèèjì la wà nínú àká lọ́jọ́ tí àwọn oníbọn wá, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ò lọ."

Ọkùnrin náà gbọn omi fìlà rẹ̀ dànù. "Kí ni mo máa sọ fún àwọn ará ìlú ńlá?"

"Ẹ sọ fún wọn pé a rí i."

Tàmálì mẹ́rin ni Tobías jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún fi ojú wá ìkarùn-ún.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí fíìmù náà tó gun òkè wá. Ibarrola fúnra rẹ̀ àti Don Lauro ló gbé e wá, wọn ò sì gé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, àti orúnkún Doña Eufrosina àti ìṣó tábìlì. Wọ́n ta aṣọ ìbùsùn funfun mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì bí oòrùn ṣe ń wọ̀, oníkálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Nígbà tó kan ibi tí ẹkùn ti di ọmọ lẹ́sẹ̀ mú, Tobías dìde láàárín èrò, ó rìn lọ síwájú aṣọ náà títí òjìji rẹ̀ fi hàn lára rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lára ògiri sì jọ ké e pọ̀. Ẹkùn ṣubú.

"Don Lauro, ẹ tún un fi hàn!"

Don Lauro dá a padà. Ẹkùn tún ṣubú. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo abúlé ké e, Fidencio pẹ̀lú, ó fi tàmálì há ẹnu, ẹkùn sì tún ṣubú.

Wọ́n ti fọ́n ká báyìí, àwọn ará Santa Rita Ocotal. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ìlú tí òtútù ti ń mú, níbi tí wọn kì í mọ àká, tí ẹnikẹ́ni ò mọ òórùn àgbàdo tí wọ́n ń yan lórí iná igi. Koríko á ti bo ọgbà yẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Don Lauro sọ fún ọmọ náà. Ohun tó wọ inú àpótí náà kò jáde mọ́, kò sì kú. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ọmọbìnrin kan á jáde kúrò nínú àká, á dúró sójú oòrùn, á ya ẹnu. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹkùn ni yóò máa ṣubú.